Ọjọ́ tí Bingo kò jùrù

Aago 5:40 ìdájí, Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kẹta. Ọlọ́dẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ síta. Àgbàlá ilé iṣẹ́ náà ṣì ṣókùnkùn. Ẹ̀yìn Acme Road ni, ní Ọgbà, ní Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ rọ́bà, tí wọ́n ń fi ṣe abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Fèrè reluwé dún láti ọ̀nà Agége, ó tún dún. Láràárọ̀, fèrè yẹn ló ń jí Bingo. Yóò na ẹsẹ̀ iwájú, yóò gbé ìdí sókè, yóò yán, yóò gbọn ara láti orí dé ìrù, yóò sì sáré wá sídìí yàrá ọlọ́dẹ.

Lónìí kò wá.

5:48. Ọlọ́dẹ súfèé. Kò sí ìdáhùn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì káàkiri, ó sì rí i lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bingo dùbúlẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ bá a lójú, ó yí orí kúrò kíá. Ìrù rẹ̀ nà sórí kọnkéré, kò mì.

Ọdún mẹ́rin ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣọ́ géètì yìí, ọlọ́dẹ sì mọ èdè ìrù náà dáadáa. Bí ìrù bá ń fì wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, tí ìdí ajá náà ń bá a fì, ẹni tó ń bọ̀ kì í ṣe àlejò. Bí ó bá nà ró ṣánṣán, tí ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ń gbọ̀n, kí ọlọ́dẹ tètè dìde. Bí ó bá ká wọ abẹ́ ikùn, àrá ń bọ̀ ni, tàbí àwọn ọmọdé ń yin báńgà. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ kan ní Ítálì wo ìrù ajá ọgbọ̀n, wọ́n sì rí i pé bí ajá bá rí olúwa rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni ìrù máa ń fì sí jù. Bí ó bá rí ajá àjèjì tó le, ọwọ́ òsì ni. Ọlọ́dẹ kò gbọ́ nípa wọn rí. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ìrù Bingo sọ fún un rí tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìrù tó nà sílẹ̀ tí kò sọ ohunkóhun, kò rí irú rẹ̀ rí.

6:15. Ó gbé oúnjẹ fún un nínú abọ́ tánńganran: ẹ̀bà àná, omi ọbẹ̀ díẹ̀, orí ẹja ṣáwà mẹ́ta. Bingo rọra jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ó gbóòórùn abọ́ náà. Ó fi ahọ́n lá ètè lẹ́ẹ̀kan, ó tún lá a, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ètè òkè rẹ̀ lápá òsì ní àpá kan, kò ju èékánná ìka lọ. Irun kò tíì hù bò ó. Ajá náà dúró ti oúnjẹ yìí bí ìgbà tí ènìyàn kà tó márùn-ún, ó sì fi í sílẹ̀.

Ọlọ́dẹ rò pé ó ti jẹ nǹkan níta ni. Ó gbé abọ́ náà sídìí ògiri, ó fi pákó bò ó nítorí eṣinṣin.

7:05. Àwọn òṣìṣẹ́ òwúrọ̀ ń wọlé, àwọn ti òru ń jáde. Òórùn ọkà tí wọ́n ń sè fún bíà ń ti ọ̀nà ilé iṣẹ́ Guinness bọ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì ti dé láti Agége, ó ti sọ àtẹ kalẹ̀ lẹ́nu géètì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú aṣọ ilé ìwé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó kúnlẹ̀ kí ọlọ́dẹ.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Bingo dà?"

Bingo wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni ó ti ń ṣe báyìí, tó ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí kò fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ọmọ náà ju èèpo búrẹ́dì sí i. Èèpo náà bọ́ lé e nímú, ó já sílẹ̀, Bingo kò wò ó. Ó fi orí ti ẹsẹ̀ ọmọ náà. Lórí orúnkún ọ̀tún ọmọ náà ni ojú ọgbẹ́ kan wà, ibi tó fi gbo ilẹ̀ níbi eré ní ọjọ́ tó ṣáájú. Bingo lá a. Ahọ́n rẹ̀ gbóná, ó le díẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó fa etí ajá náà, ó sì sáré lọ sí ilé ìwé.

8:30. Àwọn ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni Bingo máa ń sùn sí ní àkókò yìí. Lónìí ó gba ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ lọ, níbi tí òkùnkùn wà. Ó fi ọwọ́ wa ilẹ̀. Ó fi eyín mú pákó kan níbẹ̀, ó ń rún un. Kì í ṣe bí ajá ṣe ń fi igi ṣeré, torí kò gbé e káàkiri, kò sì fi ojú pe ẹnikẹ́ni wá bá òun fà á. Ó kàn ń rún un ni. Lẹ́yìn náà ó lá yanrìn, ó sì gbìyànjú àtigbé e mì.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ti ẹrù kọjá rí i. Ó ní ebi ló ń pa á.

10:10. Ọkọ̀ tó kó èròjà rọ́bà wá fọn fèrè lẹ́nu géètì. Bingo dìde láti gbó. Ó na ọrùn, ó ya ẹnu. Gbígbó àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò parí. Ó ṣẹ́ láàárín ọ̀nà, ó di igbe gígùn tó ń lọ sókè, bí ti àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ. Awakọ̀ náà fi í ṣẹ̀fẹ̀ látojú fèrèsé ọkọ̀. Ọlọ́dẹ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣí géètì, ọkọ̀ wọlé, eruku sọ.

Bingo kò tún gbó mọ́.

11:30. Ìyá olóúnjẹ gbé ìkòkò kalẹ̀ lábẹ́ ọgbà. Ó máa ń fún Bingo ní eegun. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ajá náà gba iwájú rẹ̀ kọjá, kò yíjú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀, èékánná rẹ̀ ń ha kọnkéré, a sì ń gbọ́ ọ.

"Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ," ni ìyá náà wí, ó sì ju eegun náà sẹ́yìn rẹ̀. Inú bí i díẹ̀. Ó rò pé àgídí ni.

12:45. Oòrùn mú. Ọlọ́dẹ pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa kan tí etí rẹ̀ ti ya, ọ̀kan nínú àwọn tí ilé iṣẹ́ kò lè tà. Ó gbé e síwájú Bingo. Ajá náà yára wá. Ìyẹn múnú ọlọ́dẹ dùn. Bingo ti imú bọ omi, ó ti i wọlé títí omi fi dé abẹ́ ojú rẹ̀. Omi ń ru. Ahọ́n rẹ̀ ń sún nínú omi náà, ọ̀fun rẹ̀ ń ṣe bí ẹni ń gbé nǹkan mì. Ó gbé orí sókè. Omi ń tú jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, díẹ̀ sì ń gba imú bọ̀. Ó tún ti orí bọ̀ ọ́. Ó tún gbé e sókè. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìlà kan wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ibi ìlà yẹn ni omi dé nígbà tí ọlọ́dẹ pọn ọ́n. Ibẹ̀ náà ló ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nígbà tí Bingo padà lọ dùbúlẹ̀.

1:40. Ẹnu Bingo kò pa dé mọ́. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ó gbẹ, ó sì dúdú ní etí. Itọ́ ń fà láti ẹnu rẹ̀ dé àyà. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin ti yí i ká. Ọ̀kan ní eegun ló há a lọ́fun. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá olóúnjẹ ká ọwọ́ lérí, ó ní eegun òun ni.

Eegun ìyá olóúnjẹ wà lórí ilẹ̀ níbi tó jù ú sí, èèrà ti bò ó. Orí ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú abọ́ lábẹ́ pákó. Ajá náà kò jẹ ohunkóhun láti àárọ̀ tó lè há a lọ́fun. Kò sí ẹni tó wo abọ́.

2:05. Ọlọ́dẹ kúnlẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ti ẹrù di orí Bingo mú láti ẹ̀yìn, itọ́ ajá náà ṣàn sí i lọ́wọ́. Wọ́n retí pé yóò jà, kò jà. Kò kùn. Kò fa ètè sókè kí eyín lè yọ. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ kò dìde. Etí rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ orí. Gbogbo ohun tí ajá fi ń sọ pé "ẹ fi mí sílẹ̀", kò sọ ọ̀kan. Ó kàn ń wo ojú ọlọ́dẹ. Ẹyinjú òsì rẹ̀ fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ.

Ọlọ́dẹ ti ìka méjì wọlé lórí ahọ́n. Ó fọwọ́ kan òkè ẹnu, ó lọ sí ọ̀fun, ó wá apá òsì, ó wá apá ọ̀tún. Kò bá nǹkan kan. Ó tún wá a. Nígbà tó ń yọ ọwọ́, eyín ọ̀gàn ìsàlẹ̀ ha oríkèé ìka rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ, kò pọ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

2:11. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó sinmi.

2:50. Ọkùnrin kan wọlé láti òdì kejì ojú irin, ó mú okùn dání. Ẹnìkan ti ránṣẹ́ sí i. Ó ń ra ajá, kò sì bìkítà bóyá ara rẹ̀ yá tàbí kò yá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń sè é lọ́bẹ̀ ata. Ó dá iye. Ọlọ́dẹ ní Bingo kì í ṣe ẹran. Ọkùnrin náà fi owó lé e. Ohùn ga. Akọ̀wé jáde láti ọ́fíìsì, obìnrin ni, ó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó wo ajá náà lókèèrè, ó sì fa fóònù yọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ dókítà ẹranko, ó ń yẹ ẹran wò ní ilé ìpẹran Oko Ọba ní Agége.

3:04. Akọ̀wé ń dáhùn ìbéèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá, ó fẹ́ mu omi. Kò lè gbé e mì... Ohùn rẹ̀? Wọ́n ní ohùn rẹ̀ yí padà láàárọ̀... Rárá, kò bu ẹnikẹ́ni jẹ, ó jẹ́ẹ́jẹ́ ni... Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn... Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ọlọ́dẹ ti fi ọwọ́ wá ẹnu rẹ̀."

Ó dákẹ́. Ó gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó rò pé ó ti já. Kò tíì já.

Lẹ́yìn náà ó kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ajá náà mọ́, kí ọkùnrin olókùn máa lọ, kí bàbá ọlọ́dẹ wá sídìí ẹ̀rọ omi nísinsìnyí. Kí ẹnìkan mú ọṣẹ wá.

3:07. Ọlọ́dẹ na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ọṣẹ ìfọṣọ ni. Akọ̀wé dúró tì í, ó ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò gbọdọ̀ dín. Ní ìṣẹ́jú kẹrin, ọlọ́dẹ ní ọwọ́ òun ti mọ́. Akọ̀wé ní kó máa fọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó di orí ajá mú dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń retí tirẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó wo ẹ̀yìn ọwọ́. Ó ti já ẹran èékánná rẹ̀ kan ní àná.

4:30. Dókítà ẹranko dé. Ó mú ọ̀pá gígùn tó ní okùn irin lẹ́nu, ìbọ̀wọ́ nípọn, àti kúlà kan. Wọ́n ti ti Bingo mọ́ inú yàrá ìkẹ́rù tó ṣófo. Dókítà náà kò wọlé. Ó gba ojú fèrèsé wo ajá náà fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sọ̀rọ̀. Ó wo àgbọ̀n. Ó wo ojú méjèèjì. Ó wo bí ìdí rẹ̀ ṣe ń yẹ̀ bó bá fẹ́ dìde. Ó wo ètè.

"Bàbá, kí ló ṣe é níbí yìí?"

Ọlọ́dẹ rántí. Oṣù Kínní ni, lóru. Ajá ìgboro kan gba abẹ́ géètì wọlé, òun àti Bingo jà. Ajá náà sá lọ, wọn kò rí i mọ́. Ọgbẹ́ ètè náà kéré, ọlọ́dẹ fi ọtí pa á, ó sì jinná.

"Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n gún un nígbà tó wà lọ́mọ ajá. Káàdì rẹ̀ wà nínú agolo mílíìkì. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni.

Dókítà náà bọ ìbọ̀wọ́. "Dìgbòlugi ni, Bàbá."

"Dìgbòlugi kẹ̀? Ajá tí kò bu ẹnikẹ́ni jẹ?"

Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni èyí tó ń sáré ìgboro, tó ń bu ohun gbogbo tó bá pàdé jẹ. Òmíràn wà tó ń dákẹ́. Àrùn náà wọlé láti ojú ọgbẹ́, ó ń gba inú iṣan tó ń gbé ìròyìn ara rìn lọ sí ọpọlọ. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lè lo oṣù. Ètè kò sì jìnnà sí ọpọlọ. Tó bá dé ibẹ̀, ó padà wá sínú itọ́. Iṣan ọ̀fun kú, nítorí náà ni ajá náà kò fi lè gbé nǹkan mì, tí ohùn rẹ̀ fi ṣẹ́. Àwa ènìyàn gbà pé ajá dìgbòlugi a máa sá fún omi, Bingo sì ń wá omi pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Iṣan àgbọ̀n kú, ẹnu kò pa dé mọ́. Ìdí nìyí tí kò fi bu ọlọ́dẹ jẹ nígbà tí ọwọ́ wà lẹ́nu rẹ̀: kò lè pa ẹnu náà dé.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọjọ́ yìí ni pé àwọn tó fẹ́ràn ajá náà ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀. Wọn kò pa á tì. Ó ń sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú gbogbo ara, wọ́n sì ń dá a lóhùn: ẹni ebi ń pa gbọ́ ebi, ẹni tó fún un léegun gbọ́ eegun, ẹni tó pè é gbọ́ àgídí. Ajá tó ń gbógun wá, kò sẹ́ni tí kì í sá fún un. Ìdákẹ́ ajá ni a kò kọ́ ara wa láti bẹ̀rù.

5:20. Dókítà náà fi okùn irin mú Bingo lọ́rùn, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó tún gún un ní èkejì. Ọlọ́dẹ kò kúrò lójú fèrèsé. Wọn yóò gbé orí rẹ̀ sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, wọn yóò fi ránṣẹ́ sí Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí ilé ìwádìí àrùn ẹran ti wà láti ọdún 1924. Dókítà náà ní kí ẹnikẹ́ni má dúró de èsì.

6:50 ìrọ̀lẹ́. Ilé ìwòsàn kan ní Ìkẹjà. Ọlọ́dẹ di ikùn mú. Ó ti gbọ́ pé ikùn ni wọ́n ń gún. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà kan rí. Ní oṣù Keje ọdún 1885, ní Paris, ikùn ni wọ́n gún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá bù jẹ, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ pé ó yè nípasẹ̀ òògùn Louis Pasteur. Nọ́ọ̀sì ní apá ni báyìí. Òní, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje, ọjọ́ kẹrìnlá. Kó má fo ọ̀kan. Àrùn náà ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dún káàkiri ayé, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń yè é. Bí wọ́n bá tètè gún ènìyàn kí àmì tó yọ, ó ń yè é.

Wọ́n gún ọlọ́dẹ. Wọ́n gún ọ̀dọ́kùnrin náà.

7:40. Nọ́ọ̀sì béèrè ìbéèrè mìíràn. Itọ́ ajá lè ti ní àrùn náà nínú fún bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó fura. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ta ni ó bù jẹ, ta ni ó ha, ta ni ó lá níbi tí awọ ti bó?

Akọ̀wé yí ìwé rìsíìtì kan padà, ó ń kọ orúkọ. Ìyá olóúnjẹ. Awakọ̀ kan tó máa ń bá a ṣeré. Ọmọ súpáfáísọ̀. Ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá olóúnjẹ kò ní ọgbẹ́. Awakọ̀ náà wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ó ní eyín ajá náà ha òun lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àìkú. Ó ń padà bọ̀.

8:15. Ọlọ́dẹ dìde lórí bẹ́ǹṣì.

"Orúnkún," ló wí. "Orúnkún ọmọ yẹn."

9:05. Ilé kan lẹ́yìn Pen Cinema, ní Agége. Kò sí iná. Ìyá oníbúrẹ́dì gbé fìtílà jáde.

"Bingo kẹ̀? Kò bu ọmọ mi jẹ o."

"Kò bù ú jẹ, Ìyá," ni akọ̀wé wí. "Ó lá a ni."

Wọ́n jí ọmọ náà. Ó jókòó létí ibùsùn, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ká aṣọ rẹ̀ sókè. Èépá ti bo ojú ọgbẹ́ náà, etí kan ti ṣí. Akọ̀wé béèrè ọṣẹ. Ìyá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, ọlọ́dẹ ń da omi. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó ti tó kí aago tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

9:35. Wọ́n bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá.

10:20. Nọ́ọ̀sì kọ orúkọ ọmọ náà sábẹ́ ti ọlọ́dẹ. Ó ní yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́ apá, òògùn kejì wà tí wọn yóò gún yí ojú ọgbẹ́ ká, bí ara ọmọ bá ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ó ní kó bọ́ bàtà, kó gun òṣùwọ̀n. Kílò 26.